Páìpù Tí Bámidélé Gé Kúrú

Bámidélé kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa pe òun bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn yìí, torí ojú ń tì í, Ẹdẹ kò sì tóbi. Ó ní ká pa orúkọ òun mọ́, ṣùgbọ́n ká má bo ìyókù.

Wẹ́dà ni. Púpọ̀ nínú ilẹ̀kùn onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé Òkè Gáda, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló ń gbé. Òun àti Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ wà lápá kan, Adéwálé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ifábùnmi ìyàwó tiẹ̀ àti Tóbi ọmọ wọn wà lápá kejì, Màmá Deborah tó bí àwọn ọkùnrin méjèèjì sì wà láàárín, ó ń ṣọ́ tọ̀tún tòsì.

Ọdún tó kọjá ni Bámidélé ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan. Ọkọ̀ náà kò ní àléébù kankan, àfi ohun kan tó ń bí i nínú: ó dákẹ́ jù. Tó bá wa ọkọ̀ wọ àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń gbójú sókè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré gba ọ̀nà Òṣogbo lọ́jọ́ Àìkú, tiwọn ń bú ramúramù débi pé adìyẹ ń fò wọ inú igbó. Ramúramù yẹn ni Bámidélé ń fẹ́.

Ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù títí ojú fi ń ro ó. Ràṣídì tó máa ń bá a tún ọkọ̀ ṣe ní kò burú, àmọ́ kó rí i pé páìpù náà gùn kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀ kí èéfín lè rí ibi gbà lọ. Bámidélé rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ti ń jó irin láti kékeré, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ nípa páìpù. Ajá tó máa sọnù, ẹ mọ̀ pé kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé ọkọ̀ náà gun búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé. Ó yọ sàlẹ́ńsà, ìyẹn àgólò ńlá abẹ́ ọkọ̀ tó máa ń pa ẹ́ńjìnì lẹ́nu mọ́, ó sì jó páìpù lásán sí ipò rẹ̀. Páìpù tó wà nílẹ̀ kò gùn tó. Kàkà kó lọ wá òmíràn, ó gé e kúrú sí abẹ́ búùtù. Ó ní ta ló máa tẹrí ba wo abẹ́ ọkọ̀.

Nígbà tó ṣáná sí i, gbogbo ilé mì. Màmá Deborah sáré jáde pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, ó rò pé ilé ń wó. Bámidélé jókòó sínú ọkọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Bóyá ni inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé nìkan ni kò bá a yọ̀. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ní tí òun bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà, òórùn èéfín máa ń yọ òun lẹ́nu, orí a sì máa fọ́ òun. Bámidélé dá a lóhùn pé oyún ló ń gbóòórùn, kì í ṣe ìyàwó òun.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ku òun nìkan, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù sókè. Irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ̀, ọ̀kánkán ibẹ̀ gan-an ni ẹnu páìpù tó gé kúrú wà. Ó wo ihò náà, ó wo ọjọ́, iṣẹ́ oníbàárà ń dúró dè é. Ó fi àkísà dí i, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà.

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń jó irin fún gbogbo ìlú ló fi àkísà dí ihò ọkọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀. Bámidélé ní ibẹ̀ ni ẹ̀bi òun ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo ni Abọ́sẹ̀dé bí sí. Ó bí obìnrin, ara ọmọ le, ara ìyá náà le. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wálé, Ifábùnmi ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ lọ bá wọn. Òun ni ìyálé, òun ló sì mọ oúnjẹ sè jù nínú ilé náà. Oúnjẹ rẹ̀ dára débi pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ti fi í ṣe ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún àwọn ọmọ wọn. Abọ́sẹ̀dé jẹ, Màmá jẹ, wọ́n lá abọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n di ẹrù sọ́kọ̀ tán, àyè kò gba Ifábùnmi mọ́. Ó ní kí wọ́n máa lọ, òun á fọ abọ́, òun á wọ ọkọ̀ èrò bọ̀.

Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe sí ọmọ tuntun. Atẹ́gùn kò gbọ́dọ̀ fẹ́ sí ìyá rẹ̀ lára, òtútù kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òun alára. Bí Màmá Deborah ṣe tọ́ ọmọ tiẹ̀ nìyẹn, kò sì ní ti orí ọmọ-ọmọ yí i padà. Ó ní kí wọ́n yí gíláàsì ẹ̀yìn sókè pátápátá. Ó tún fi ìborùn bo ojú gíláàsì, ó ní oòrùn tó bá wọlé pẹ̀lú atẹ́gùn kò dáa.

Abọ́sẹ̀dé wo ojú ọkọ rẹ̀ nínú dígí iwájú. "Ọkọ mi, òórùn yẹn ńkọ́?"

Màmá béèrè pé òórùn wo.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá," Bámidélé wí. "Mo ti tún un ṣe."

Àkísà ló ń pè ní títúnṣe. Ó lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Gíláàsì ẹ̀yìn kan péré tí wọ́n bá ṣí, ọ̀rọ̀ á ti tán. Ṣùgbọ́n tó bá ṣí i, Màmá á béèrè ìdí, tó bá sì gbọ́ ìdí, á ní kó tú páìpù náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bámidélé kò fẹ́ tú u. Ó ṣí gíláàsì tiẹ̀ níwájú, ó gbé apá lé e, ó tẹ ọkọ̀.

Wọ́n ń tún títì ṣe lápá Ọ̀fàtẹ̀dó. Ọkọ̀ tò síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Bámidélé kò pa ẹ́ńjìnì. Ó tiẹ̀ tún ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn lè yíjú wò ó. Abọ́sẹ̀dé ní orí ń fọ́ òun. Màmá ní àárẹ̀ ìkúnlẹ̀ ni, kó fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ sí i, Màmá fúnra rẹ̀ bì sára ìró rẹ̀, ó ní ọbẹ̀ yẹn ò bá òun lára mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mọ́. Bámidélé rò pé oorun ti gbé wọn lọ.

Kì í ṣe oorun. Nígbà tó dé ẹnu géètì ilé tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, Abọ́sẹ̀dé ṣubú lé e lápá. Màmá ń wò ó, kò mọ ẹni tó jẹ́. Ọmọ wà nínú ìborùn, kò ké, ara rẹ̀ rọ pátápátá.

Bámidélé figbe ta. Àwọn aládùúgbò ló bá a gbé wọn dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú pópó. Wọ́n fi atẹ́gùn sí wọn nímú, wọ́n ń pe orúkọ wọn. Ọmọ ló kọ́kọ́ ké. Bámidélé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe náà.

Dókítà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n wà, tàbí bóyá wọ́n wà níbi tí èéfín kún.

Bámidélé mọ ohun tó ń béèrè. Ó mọ̀, ó mọ̀ dájú. Ó rí ẹnu páìpù náà lọ́kàn rẹ̀, ó rí àkísà, ó rí ìborùn tí Màmá ta bo gíláàsì. Ó tún rí ojú Màmá, ojú àwọn àna rẹ̀, ojú gbogbo Òkè Gáda.

"Rárá o, dókítà. Kò sí èéfín kankan."

Dókítà ní, kí wá ni wọ́n jẹ? Ìbéèrè yìí kò le fún Bámidélé rárá. Ó ní ọbẹ̀ ẹja ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ló sè é wá.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù. Ó ní òun ń lọ mú aṣọ wá fún wọn. Ó délé, ó tún gbé ọkọ̀ gun búlọ́ọ̀kù. Ó gé páìpù dànù, ó jó sàlẹ́ńsà padà sáyè rẹ̀, ó sì jó irin pẹlẹbẹ bo ihò búùtù náà. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, kódà ó fi ọ̀dà kùn ún. Lẹ́yìn náà ló wá mú aṣọ.

Ara Màmá kò tíì balẹ̀ tó fi ti rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Ọmọ ìlú Alajue ni Ifábùnmi, inú ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ni wọ́n ti bí i. Láti ọjọ́ tí Adéwálé ti gbé e wálé ló ti ń bá wọn lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó ń bá àwọn obìnrin ìjọ kọrin, ó ń gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kò fìgbà kan gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó ní kí ló dé tí kò fi bá àwọn wọ ọkọ̀? Kí ló ń sáré fọ abọ́ sí? Nígbà tí ẹnì kan sọ pé ọmọ tuntun kò kúkú jẹ ọbẹ̀, Màmá ní inú ọmú ni májèlé gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò sí èyí tí Bámidélé kò ní ìdáhùn sí nínú gbogbo ìbéèrè yẹn. Ó jókòó láàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀.

Adéwálé gbèjà ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ni ní ìlú Awo, èèyàn jẹ́jẹ́, kì í gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n ó gbóhùn sókè sí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màmá sunkún, ó ní ọmọ òun ti fẹ́ràn obìnrin ju òun lọ. Adéwálé bá dákẹ́.

Ìgbà tó yá, Ifábùnmi wá bá Bámidélé ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ sáàárín irin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó wà nílẹ̀. Ìyàwó ilé ni, kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Dúdúyẹmí ló sọ Bámidélé.

"Dúdúyẹmí, ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú wọn. Ẹ bá mi sọ fún Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ ọwọ́ mi."

Bámidélé ń yí irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Ìyá Tóbi, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Jẹ́ kó rọlẹ̀ ná."

Kò rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba ilé ìwòsàn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pe Ifábùnmi, ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó sinmi díẹ̀, àwọn òbí ń kùn. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun jẹun lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó fi májèlé sọ́bẹ̀? Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ní kó má jáde sí àárín èrò. Yàrá rẹ̀ ló jókòó sí tó ti ń gbọ́ orin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá ní kó máa lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Alajue títí ọjọ́ tó bá jẹ́wọ́. Bámidélé bá a gbé báàgì rẹ̀ kan dé ẹnu géètì.

"Ẹ ṣé o, Dúdúyẹmí," ló wí fún un. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bá mi jà."

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Bámidélé bó ṣe yẹ. Ó tó ìgbà tó fẹ́ sọ ọ́. Á gbéra, á dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, á tún padà. Ó ní ohun tó ń dá òun dúró ni pé tí òun bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á béèrè ìdí tí òun kò fi sọ ọ́ lánàá. Ọ̀la á tún wá le ju òní lọ. Nígbà mìíràn á máa tu ara rẹ̀ nínú pé kò kúkú sẹ́ni tó kú.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ni àṣírí tú. Abọ́sẹ̀dé wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ọmọ lé itan. Bámidélé ṣáná. Ọkọ̀ rọra gbéra.

"Ọkọ̀ yìí dákẹ́," Abọ́sẹ̀dé wí.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Nígbà wo?"

Ó ní ó ti ṣe díẹ̀. 

Nígbà tí wọ́n ti ibi abẹ́rẹ́ délé, Abọ́sẹ̀dé gba ọ̀dọ̀ Sìmbíátù lọ, aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn. Ó béèrè bóyá ó mọ ìgbà tí Bámidélé tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Sìmbíátù ní kí ló dé tí òun kò ní mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn náà ni, ariwo irin gígé kò jẹ́ kí òun gbọ́ fóònù. Ó ní òun tiẹ̀ bi ara òun léèrè pé irú ọkùnrin wo ló ń gé irin nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń bá ikú jìjàkadì.

Bámidélé ń jẹun nígbà tí Abọ́sẹ̀dé wọlé. Kò jókòó.

"Lọ́jọ́ tí a dákú, ẹ ní ẹ ń lọ mú aṣọ wá. Kí lẹ tún ṣe nílé?"

Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun.

"Mo bi yín nípa òórùn yẹn lójú Màmá. Ẹ ní ẹ ti tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe, kí lẹ lọ ń tún ṣe nígbà tí èmi àti ọmọ yín ń kú lọ?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Bámidélé. Ó wá irọ́ mìíràn, kò rí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: páìpù, ihò, àkísà, ohun tó sọ fún dókítà. Abọ́sẹ̀dé rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Bámidélé ní ì bá dùn mọ́ òun ká ní ó bú òun.

"Ìyá Tóbi fẹ́ gbé ọmọ yìí kí wọ́n tó lọ," ni Abọ́sẹ̀dé wí níkẹyìn. "Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn ń wò mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ lọ sọ fún Màmá báyìí. Bí ẹ ò bá sọ, èmi á sọ."

Màmá kọ́kọ́ ní irọ́ ni, ó ní wọ́n ti fi nǹkan dè é lẹ́nu. Bámidélé tún un sọ. Nígbà tó dé ibi ìborùn tí wọ́n ta bo gíláàsì, Màmá fọwọ́ ti ògiri. Adéwálé dìde. Bámidélé rò pé ó máa lu òun, ó sì fẹ́ kó lu òun. Adéwálé kò lù ú. Ó ní kí gbogbo wọn wọ ọkọ̀ yẹn, Alajue ni wọ́n ń lọ.

Ifátọ́lá bàbá Ifábùnmi ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó fún wọn ní ìjókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún wọn. Bámidélé kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú èèpo ẹ̀gẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ifábùnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

Bàbá àgbàlagbà náà béèrè ohun kan ṣoṣo. "Lọ́jọ́ tí ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

Ifátọ́lá mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. 

Màmá Deborah fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ifábùnmi sáré gbá a mú, ó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ju ìyẹn lọ. Àwọn méjèèjì sunkún lọ́rùn ara wọn. Ifábùnmi gbé ọmọ Abọ́sẹ̀dé, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Kò wo apá ibi tí Bámidélé wà.

Ifábùnmi padà wálé. Màmá dìde nínú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé òun parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ilé ẹ̀kọ́ ní kó padà wá máa gbọ́únjẹ. Tẹ́ ẹ bá wọ ilé náà lónìí, ẹ ó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí.

Bámidélé ní ká bá òun kìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, pé kí ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun máa bú ramúramù rántí àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn. A ti bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń nu ojú, ọ̀rọ̀ páìpù kọ́ ló ń pa á lẹ́kún.

Láti ìgbà tí Ifábùnmi ti padà dé, kì í gbé oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni kó má kọ́kọ́ bù ú jẹ lójú ẹni náà. Á fi ṣíbí bù ú, á gbé e mì, á dúró díẹ̀, kó tó gbé abọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣe fún Màmá nìyẹn, bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, bó ṣe ń ṣe fún ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kó máa ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, Bámidélé kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ìyá Tóbi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé ìwọ kọ́."

Ifábùnmi gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀, Dúdúyẹmí. Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀."

Ó ti abọ́ náà sí i níwájú, ó ní kó jẹun kó tó tutù.